Orúkọ Kì í Ṣe Kọ́kọ́rọ́

"Wọ́n ti wá tọrọ Misturat o, àmọ́ kì í ṣe ìwọ."

Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nìyẹn bí ó ṣe wọlé, kò tíì tú ìborùn, kò tíì bọ́ bàtà. Misturat ń fẹ́ná lọ́wọ́. Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú eérú, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Màámi, ta ni wọ́n tọrọ?"

"Misturat aránṣọ! Ọmọ Bàbá Misturat oníṣu, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí àwọn àlejò náà bí wọ́n ṣe ń jáde, tí ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní láti Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní ọmọkùnrin tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì yín ló rán wọn, ọmọ Oyèlékè yẹn. Ṣé òun kọ́ ni o sọ fún mi pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá rí bàbá rẹ?"

Òun ni. Òun náà gan-an ni. Misturat wo ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ìyá náà ni ó lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ. Ibẹ̀ ni ó wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Abíọ́nà ni, ọmọ Oyèlékè náà, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

"Ìyàwó mi! Wọ́n ti gbà o! Bàbá Ọlásúnkànmí tí mo rán ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti garéèjì ni. Ó ní wọ́n gúnyán fún àwọn, wọ́n sì ti jẹ obì. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé ọlọ́yàyà ni bàbá yín tó báyìí?"

"Abíọ́nà, bàbá mi ti wà lóko kajú láti àárọ̀. Wọn ò tíì dé."

"Ta wá ló jẹ obì?"

Ìyá Misturat ti jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ má baà rò pé orí ọmọkùnrin náà dàrú. Orí rẹ̀ pé. Àpéjù orí gan-an ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Abíọ́nà dé sí Ṣakí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀, níbi tí Misturat ti ń ṣe akọ̀wé, ló gbéṣẹ́ fún un pé kó wá kọ́ àká dátà fún àwọn. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka ní Kisi, ó ní ní Òkèhò, ó ní ní Ìwéré-Ilé, oníkálukú sì ń kọ àkọsílẹ̀ bó ṣe wù ú. Kisi ń fi mudu wọn àgbàdo, Òkèhò ń fi kóńgò, Ìwéré-Ilé ń kọ "ó pọ̀" síwájú orúkọ ẹlòmíì, ó tán. Bí alága bá béèrè iye àgbàdo tí ẹgbẹ́ kó jọ lódún, ìjà ní í dá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi Abíọ́nà han àwọn àgbẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ló dàrú. Ní ìlú wa, bí a bá pe dátà, èyí tí a ń rà sórí fóònù ni. Bàbá kan dìde, ó ní kí wọ́n bá òun fi tòun sórí ẹ̀rọ ọmọ òun tó wà ní Kútọnu. Òmíràn béèrè bóyá páànù ni wọn yóò fi bo àká náà àbí koríko. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Abíọ́nà kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí Misturat fẹ́ràn lára rẹ̀.

"Bàbá," ó dá wọn lóhùn, "bí ẹ bá kórè, ṣé ẹ máa ń da àgbàdo sínú àká tòun ti háhá?"

"Èèwọ̀! Kòkòrò ńkọ́?"

"Ẹ ó kọ́kọ́ kó o wálé láti oko. Ẹ ó bó o, ẹ ó ṣà á, ẹ ó sá a. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó kó o sínú àká. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Màá kó ọ̀rọ̀ jọ láti gbogbo ẹ̀ka, màá ṣà á, màá sọ mudu àti kóńgò di òṣùwọ̀n kan náà, màá wá kó o sí ojú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ṣe rí, ibẹ̀ ni yóò wò."

Bàbá onípáànù mirí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà yé òun, pé ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà rí i pé òjò kò ní wọ̀ ọ́.

Misturat ni wọ́n fi ti Abíọ́nà lẹ́yìn nídìí iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sán, bí iná bá lọ, wọn a gbé ìjókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Abíọ́nà a máa ṣàlàyé, Misturat a máa bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ a sì máa dọ̀rọ̀ ara wọn díẹ̀díẹ̀.

"Nǹkan méjì là ń kó sínú àká," ni ó sọ fún un. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni ohun tí a fi ń dá a mọ̀: ta ni, níbo, nígbà wo. Bí mo bá ní 'wọ́n ta kajú', tí n kò mọ ẹni tó tà á, òfo ni mo sọ."

"'Ta ni' yẹn ni yóò pa ọ́ ní Ṣakí," Misturat fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Alhaji Ràmọ́nì inú ìwé Kisi yìí, òun náà ni Bàbá Ṣàngóbùnmi inú ìwé wa. Ìyá Ìbejì tí o sì kọ ní ẹ̀ẹ̀kan yìí, èwo nínú wọn? Agbo ilé kan ṣoṣo lè ní mẹ́ta."

"Ìdí nìyẹn tí orúkọ kì í fi í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan, ẹnì kan sì lè jẹ́ mẹ́ta. Nọ́ńbà ni màá fún oníkálukú, èyí tí kò ní bá ẹnikẹ́ni pín. Òun ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ nìkan wá ènìyàn, ilé onílé ni yóò wọ̀."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí yóò ṣìlẹ̀kùn!

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Misturat wá bi í pé bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bá kú ńkọ́, ṣé wọn yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

"Rárá o," Abíọ́nà ní. "Àká kì í pa nǹkan rẹ́. A ó kọ ọjọ́ tó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ikú ẹni kì í sọ ohun tó ti ṣe di àìṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Misturat lọ́kàn. Nílé tiwọn, pípa ni wọ́n pa orúkọ kan rẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Jẹ́ẹ́dé, òun ni àkọ́bí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wà ni ó dojú dé ní ọ̀nà Kisi nígbà tí Misturat ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, bàbá wọn kò dárúkọ rẹ̀ mọ́, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé. Wọ́n já fọ́tò rẹ̀ lára ògiri. Àmọ́ ta ni yóò dí ìlú lẹ́nu? Títí di òní, Bàbá Jẹ́ẹ́dé ni gbogbo Ṣakí ń pe ọkùnrin náà. Ó máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n kì í wojú ẹni tó pè é.

Misturat fẹ́ sọ ọ́ fún Abíọ́nà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ibẹ̀ ni Abíọ́nà ti bi í, bí ẹni tó ń ṣeré, pé, "Ìwọ ni àkọ́bí àwọn bàbá yín, àbí?" Misturat kàn mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mímì orí yẹn ló bí gbogbo wàhálà yìí. Ní ilẹ̀ wa, orúkọ àkọ́bí ni bàbá ń jẹ́. Bí Misturat bá jẹ́ àkọ́bí, Bàbá Misturat ni bàbá rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Nígbà tí Abíọ́nà fi máa rán ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Ọlásúnkànmí, pé kó bá òun ṣe alárinà, ohun tó wí ni pé, "Ẹ ṣáà sọ fún ọlọ́kadà pé ilé Bàbá Misturat. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n." Òótọ́ sì ni. Ọlọ́kadà kò tilẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìtọrọ náà ni bàbá Misturat ti oko dé. Ìròyìn ti pàdé rẹ̀ lọ́nà. Kò pariwo, ì bá sì sàn ká ní ó pariwo. Ó ṣàlùwàlá, ó kírun, ó wá pe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọkùnrin tí o ní ó ń bọ̀ wá kí mi, òun náà ni àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ jẹ obì nílé oníṣu?"

"Wọ́n ṣìnà ni, Bàbá."

"Kò mọ orúkọ mi ni?"

Misturat tẹjú mọ́lẹ̀.

"Mo ní, kò mọ orúkọ mi ni? Ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ mi lọ, tí kò mọ orúkọ tí mò ń jẹ́ nínú ìlú, kí ló mọ̀ nípa ọmọ náà? Kó fẹ́ ẹni tí wọ́n bá a tọrọ. Èmi kì í jẹ obì tí wọ́n ti bù jẹ nílé ẹlòmíràn."

Ó yẹ kí Misturat sọ pé ẹ̀bi òun ni, pé òun ni òun sẹ́ Jẹ́ẹ́dé. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dárúkọ náà níwájú ẹni tó fòfin dè é? Ó dìde láìsọ ọ́.

Ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ojú Abíọ́nà pọ́n kankan.

"Bàbá Ọlásúnkànmí ní òun béèrè dáadáa. Ó ní òun béèrè pé ṣé ilé Bàbá Misturat nìyí, wọ́n ní òun ni. Ó béèrè pé ṣé Misturat wà nílé, wọ́n ní ó ń ránṣọ lọ́wọ́. Ó rò pé o máa ń ránṣọ bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé! Misturat, wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána. N kò rí ojú ọmọbìnrin yẹn rí láyé mi. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ṣé ìwọ kọ́ ni àkọ́bí ni?"

"Mo ní ẹ̀gbọ́n."

Abíọ́nà gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

"O ní kí ni?"

"Jẹ́ẹ́dé ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kú. Bàbá Jẹ́ẹ́dé ni wọ́n ń pe bàbá mi."

Ohùn ọmọkùnrin náà kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Láti ìgbà tí a ti jọ ń jókòó níbí, tí a ń wá orúkọ olórúkọ kiri, o fi ti ẹ̀gbọ́n rẹ pamọ́ fún mi?"

"A kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa."

"Ṣé èmi ni ilé yín ni?"

Kò jágbe mọ́ ọn rí. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó gbé báàgì, ó jáde. Misturat gbọ́ ariwo ọ̀kadà tó gbé e lọ. Ó dúró gbagidi síbi tó wà, ọkàn rẹ̀ sì ń dá a lẹ́jọ́. Ìfẹ́ wo lòun ní sí ọkùnrin tí òun kò lè sọ ikú kan ṣoṣo fún? Bóyá òótọ́ ni bàbá òun sọ, pé kò mọ òun. Ta ló sì jẹ́ kó mọ òun?

Ẹkún kò tún nǹkan ṣe. Ó nu ojú, ó kọrí sí ìsàlẹ̀ ìlú.

Ṣọ́ọ̀bù Misturat aránṣọ kún fún aṣọ ọdún. Ọmọbìnrin náà ju tiwa lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, ó ga, ó fi abẹ́rẹ́ há ẹnu.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Misturat ni mò ń jẹ́."

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Èmi náà ni Misturat."

Tiwa kúnlẹ̀ gbọ̀ọ̀ sórí àkísà.

"Dìde ńlẹ̀ jàre! O fẹ́ kí àwọn oníbàárà rò pé mo ba aṣọ rẹ jẹ́ ni?" Ó fà á sórí bẹ́ǹṣì. Misturat ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ti Jẹ́ẹ́dé sílẹ̀. Aránṣọ gbọ́ ọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin tí n kò rí rí fẹ́ràn mi débi ìdána, mo sọ fún ìyá mi pé yálà orí rẹ̀ kò pé tàbí ó ṣìnà. Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé ọkọ kì í kágò kó tó wọlé." Ẹ̀rín náà gbẹ lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyá mi jó, àbúrò. Wọ́n jó dé ojúde, gbogbo àdúgbò ló rí wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí pé kí ẹnì kan wá béèrè mi. Ọkùnrin yẹn, máa mú un lọ, n kò mọ̀ ọ́n. Ijó ìyá mi ńkọ́?"

Láti àná, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan ni Misturat ń rò. Kò tilẹ̀ ronú kàn án pé ìyá kan jó. Omijé dà lójú rẹ̀, ojú sì tì í fún omijé náà.

"Má sunkún sí mi láṣọ," aránṣọ ní. "Kí àwọn tó wá tọrọ mi padà wá ní ọ̀sán gangan. Kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́sí. Kí wọ́n sọ fún ìyá mi lójú àwọn ará àdúgbò pé àwọn ló ṣìnà, pé kò sí àléébù kan lára mi. Èmi yóò bá bàbá mi sọ tiwọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ọ nínú ìlú yìí pé ẹnì kan kọ̀ mí sílẹ̀, èmi àtìwọ ni."

Misturat fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù Abíọ́nà. Kò fèsì. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí aránṣọ fi wá bá a ní ọ́fíìsì, ó ní wọ́n wá. Ó ní Bàbá Ọlásúnkànmí, arúgbó onírùngbọ̀n funfun, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá òun, ọmọkùnrin náà sì dọ̀bálẹ̀ tì í. Ó ní àwọn ènìyàn rò pé ìyá òun yóò ṣépè.

"Kí ni ìyá yín wá sọ?"

"Wọ́n ní, 'Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ilé wa báyìí, ẹ bá wa wá ẹni tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ wá.' Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ ilé oníṣu parí síbẹ̀. Ti ilé Bàbá Jẹ́ẹ́dé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Abíọ́nà kò pè. Ó ń wá sí ọ́fíìsì, ó ń kí Misturat bí a ti ń kí ará ọjà, ó ń lọ. Misturat ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ó tán. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í, a ní orí ń fọ́ òun.

Ó wá di ọ̀sán Jímọ̀ kan, bàbá rẹ̀ ń fi igi wọ́ kajú tó sá sójúde. Misturat wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń ṣẹ́ ẹ̀wà. Ó gbọ́ ọ̀kadà. Nígbà tó yọjú, igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ọlásúnkànmí ni, Abíọ́nà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé wọ́n ń bọ̀.

Bàbá rẹ̀ kò ní kí wọ́n jókòó. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Abíọ́nà dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Jẹ́ẹ́dé."

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró lórí kajú.

"Ta ló kọ́ ọ lórúkọ yẹn?"

"Ẹ dárí jì mí, sà, mo pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Mo wá tọrọ àbúrò Jẹ́ẹ́dé."

Ìyá Misturat tó ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Misturat di ilẹ̀kùn mú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní àbúrò ẹnì kan. Bàbá mi yóò lé e, ó ń sọ nínú ara rẹ̀, yóò ju igi yẹn lù ú báyìí.

Bàbá Ọlásúnkànmí tú obì sílẹ̀, ó ní èyí ni ti bàbá, èyí ni ti ìyá. Abíọ́nà ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, ó yọ ọ̀kan sí i.

"Èyí ni ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Wọ́n ní a kì í fẹ́ obìnrin kí a má kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. N kò mọ ẹni tí n ó gbé e lé lọ́wọ́, Bàbá. Òun ló jẹ́ kí n pẹ́."

Ìgbà náà ni Misturat mọ ohun tí ọkùnrin náà ń rò ní gbogbo ọjọ́ tí kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ̀ ju igi sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba obì náà. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

"Jẹ́ẹ́dé kì í jẹ obì," ni ó wí. "Ó ní ó korò."

Misturat jókòó sílẹ̀ pọ̀ọ́ láàárín ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò tíì gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ẹkún ńlá tí àwọn ará àdúgbò gbọ́, tí wọ́n fi ń yọjú lójú fèrèsé. Bàbá rẹ̀ kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Abíọ́nà ti ń gbìyànjú láti dìde.

"Níbo lò ń lọ? Ká ní ó wà níbí ni, kò ní jẹ́ kí o dìde báyẹn. Oníyọnu ni. Yóò ní ìdọ̀bálẹ̀ ẹyọ kan kò tó fún àbúrò òun." Bàbá Jẹ́ẹ́dé fi ẹsẹ̀ ti kajú sápá kan, ó la àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tirẹ̀ nìyẹn."

Abíọ́nà tún dọ̀bálẹ̀, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rántí sọ fún un pé kó dìde.